Ọ̀rọ̀-Ìṣe Ilẹ̀ Ítálì àti Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n Filomẹ́nì

Láti ìgbà tí mo ti wálé sí Ayétòrò, òtútù ni gbogbo ènìyàn ń bi mí. "Ràṣídá, ṣé lóòótọ́ ni pé omi máa ń dì sójú títì níbẹ̀?" Mo ń dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, omi ń dì, ènìyàn á wọ aṣọ lé aṣọ, á sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Òtútù kọ́ ló fi ojú mi rí màbo ní Ítálì. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni. Bí mo bá ti sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á ní òkè òkun ti sọ mí di aláwàdà. N kò ṣe àwàdà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún yín.

Ilẹ̀ tó tẹ́ bí ẹní

Ọmọ Ìlaró ni Múfútáù, ọkọ mi. Ó ti ń gbé ní Ítálì kí á tó fẹ́ra, ibi tí wọ́n ti ń sun bíríkì ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ìwé àṣẹ mi jáde, mo fi ẹ̀rọ ìránṣọ mi sílẹ̀ fún àbúrò mi obìnrin, mo dágbére fún ìyá mi, mo lọ bá a.

Ilé gogoro ni mo ti ń fọkàn yà láti Ayétòrò. Ibi tí mo dé, oko ni. Ilẹ̀ tẹ́ lọ rẹrẹ, kò sí òkè, kò sí igbó, igi eléso ló tò tẹ̀lé ara wọn títí ojú ò fi tó o mọ́. Láàárọ̀, ìkùukùu á bo gbogbo rẹ̀ débi pé bí ẹnìkan bá ń bọ̀ lọ́nà, ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo bi ọkọ mi pé, "Ìlú ọ̀hún dà?" Ó ní, "Òun náà lò ń wò yẹn."

Òru ló ń ṣiṣẹ́, ọ̀sán ló ń sùn. Èmi á wá máa yọ́ ẹsẹ̀ rìn nínú ilé kí n má baà jí i. N kò lè lọ ata, n kò lè gbóhùn sókè lórí fóònù. Ẹni tí ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ àti ti àwọn oníbàárà ti mọ́ lára, báwo ló ṣe fẹ́ jókòó sínú irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀? Bí mo bá ti gbọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun, mo ti wọ bàtà. Odò tóóró kan wà tí wọ́n gbẹ́ gba àárín oko kọjá. Etí rẹ̀ ni mo máa ń tọ̀ títí dé ìlú kejì, màá tún padà. Àwọn bàbá arúgbó tó ń ta káàdì níwájú ilé kọfí ti mọ̀ mí kí n tó mọ orúkọ òpópónà wa.

Wọ́n mọ̀ ọ́n kí, èyí yà mí lẹ́nu. Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù á kí gbogbo ẹni tó bá níbẹ̀, ẹni tó ń jáde náà á kí wọn. Ṣùgbọ́n ìkíni wọn kì í kọjá ẹnu ọ̀nà. Wọn kì í béèrè ilé, wọn kì í béèrè ara. Màmá kan tó ń gbé nísàlẹ̀ wa ló kọ́kọ́ fún mi lóúnjẹ. Polenta ni wọ́n ń pè é: àgbàdo tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n rò, ó pọ́n bí epo. Mo fọ ọwọ́ mi, mo bu òkèlè. Màmá wò mí, ó gbé fọ́ọ̀kì tirẹ̀ sílẹ̀, òun náà bu òkèlè. Ó ń jó o lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. A jẹun tán láìsọ̀rọ̀, nítorí n kò ní ọ̀rọ̀ kankan tí mo lè sọ.

Ilé oníbúrẹ́dì

Mo ti kọ́ ìwọ̀nba èdè wọn lẹ́nu ọkọ mi, mo wá gbìyànjú rẹ̀ wò ní ilé oníbúrẹ́dì. Mo ní, "Io volere pane." Lójú mi, mo ti sọ pé mo fẹ́ búrẹ́dì, àṣé "èmi fífẹ́ búrẹ́dì" ni mo sọ.

Obìnrin tó ń tà á wò mí. Ó gbóhùn sókè, ó ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀: "Tu volere quanto pane?" Ìwọ fífẹ́ búrẹ́dì mélòó? Ó gbé àṣìṣe mi, ó fi dá mi lóhùn. Kò ní èrò burúkú, ó rò pé ó ń ràn mí lọ́wọ́ ni. Àwọn tó tò sẹ́yìn mi kò rẹ́rìn-ín. Ìbá sàn kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Múfú. Ó ní, "Bí gbogbo wa ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Volere, andare, mangiare: fífẹ́, lílọ, jíjẹ. Wọ́n á gbọ́ ohun tó o fẹ́. Mo ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ebi ò pa mí."

Mo ní, "Ṣé bó o ṣe sọ̀rọ̀ fún bàbá mi lọ́jọ́ tó o wá tọrọ mi nìyẹn?"

Ó yíjú sí ògiri, ó sùn. Mo wọ bàtà mi.

Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì

Yàrá kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ìlú náà tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àjèjì lédè lọ́sàn-án. Mùsùlùmí ni mí, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, n kò mọ̀ bóyá kí n wọlé tàbí kí n padà. Obìnrin àgbà kan tó ń fi ọ̀pá rìn wá bá mi níbẹ̀. Ó wo ìborùn mi, ó wo ojú mi, ó ní, "Prego, si accomodi." N kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe sọ ọ́ dà bí ìgbà tí wọ́n bá ní "ẹ wọlé, ẹ jókòó" fún àlejò pàtàkì. Sinyóra Ornẹ́là nìyẹn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì.

Ó kọ andare sójú pátákó. Lọ. Ó ní kí kálukú sọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lédè rẹ̀. Nígbà tó kàn mí, mo ní: mo lọ, o lọ, ó lọ, a lọ, ẹ lọ, wọ́n lọ.

Ó ní, "Kò yí padà?"

Mo fi ọwọ́ ṣàlàyé pé kí ló fẹ́ yí padà sí? Lọ ni.

Ó rẹ́rìn-ín, ó wá kọ tiwọn: vado, vai, va, andiamo, andate, vanno. Mo wò ó títí. Vado àti andiamo, ta ló máa sọ pé ọmọ ìyá ni wọ́n? Nílé wa, ẹni tó ń ṣe nǹkan ló ń yí padà, ohun tó ń ṣe dúró sójú kan. Lọ́dọ̀ wọn, ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń pààrọ̀ aṣọ, ẹni tó ń ṣe é lè má tilẹ̀ yọjú.

Ìyẹn nìkan kọ́. Èyí tó ti kọjá ní tirẹ̀, èyí tó ń bọ̀ ní tirẹ̀, èyí tó ti pẹ́ tí àwọn tó ṣe é ti kú tún ní tirẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá pín gbogbo rẹ̀ bí ọkàn ṣe rí. Indicativo ni ti ohun tí ojú rí. Congiuntivo ni ti ohun tí ọkàn ń rò, tó ń fẹ́, tó ń fòyà, tí kò dá a lójú. Condizionale ni ti ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ ká ní nǹkan mìíràn ò dí i lọ́wọ́. Imperativo sì ni àṣẹ. Àṣẹ yìí nìkan ni etí mi ti mọ̀ kí n tó dé kíláàsì, torí òun ni wọ́n fi ń bá àjèjì sọ̀rọ̀: vieni, prendi, aspetta. Wá, mú un, dúró.

Ohun kan wú mi lórí níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀, tàbí ẹni tí wọn ò mọ̀, wọn kì í sọ pé ìwọ. Lei ni wọ́n ń sọ, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa obìnrin kan tí kò sí níbẹ̀. Ọkùnrin onírùngbọ̀n ni o, "òun obìnrin" ni wọ́n máa pè é láti fi bọ̀wọ̀ fún un. Mo sọ fún Sinyóra Ornẹ́là pé àwa náà kì í pe àgbà ní ìwọ. Ó gbá ọwọ́ mi mú, ó ní, "Allora siamo parenti." A jẹ́ pé ẹbí ni wá.

Láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀rọ̀-ìṣe ni mo ń gbé rìn létí odò. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, vado. Ẹsẹ̀ òsì, vai. Bí mo bá gbàgbé ọ̀kan, màá yára rìn bí ẹni pé ó wà níwájú tí mo lè lé e bá. Èyí tó ti kọjá ló ń dà mí láàmú jù. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ ohun tó kọjá pọ̀ ju iyàrá ilé wa lọ, n kò sì rí ìdí rẹ̀. Ohun tó bá kọjá ti kọjá, mo rò.

Píà

Nígbà tí èso gbó, ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan mú mi lọ sí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fọ píà tí wọ́n sì ń ṣà á. Kì í ṣe píà tiwa tí a fi ń jẹ búrẹ́dì o. Èyí dùn, omi rẹ̀ á sì máa ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ yín. Ó ń gba orí bẹ́líìtì gígùn tí ẹ̀rọ ń yí kọjá, àwa obìnrin dúró lápá méjèèjì, a ń yọ èyí tó bà jẹ́ kúrò. Ọ̀gá wa ni Sinyọ̀ Valter, ọkùnrin tí kì í dúró sójú kan, tó jẹ́ pé imperativo lásán ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Òun ló ń yan ẹni tó máa padà wá ní ìkórè mìíràn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀ka igi kan há sábẹ́ bẹ́líìtì. Mo gbọ́ tí obìnrin kan lápá kejì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún ẹ̀ka igi náà, ohùn ìyá mi gan-an ló sì fi ń ṣé e. Ìmẹ̀kọ ni wọ́n ti bí ìyá mi. Mo pariwo pé, "Ẹ̀yin màmá, níbo lẹ ti wá?"

Ó yíjú, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ó ní, "Kétu ni mo ti wá. Ìwọ ọmọ yìí, ta ló bí ọ?"

Filomẹ́nì ni orúkọ rẹ̀, láti Kétu tó wà ní apá Faransé. Bí ènìyàn bá gun ọ̀kadà ní Ìmẹ̀kọ, kí ó tó rẹ̀ ẹ́ tán ó ti ń wọ ìlú wọn. Ó jù mí lọ dáadáa, mo ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n, ó ń pè mí ní àbúrò. Òun ni kò jẹ́ kí n sá kúrò níbi iṣẹ́ náà. Nígbà ìsinmi, a máa ń jẹ ìrẹsì àti ẹja tó sè wá, màá sì máa ráhùn nípa ọ̀rọ̀-ìṣe. Ó máa ń rẹ́rìn-ín mi. "Bí Faransé náà ṣe rí nìyẹn," ló máa ń sọ. "Ẹ̀yin tó wà lápá ibẹ̀ yẹn, ẹ ń gbọ́ ọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí yín, 'combien', èló, nìkan lẹ mú nínú rẹ̀."

Iná tó kú

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹ̀ka igi mìíràn há. Ẹ̀gbọ́n tẹ bọ́tìnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iná aláwọ̀ ewé kú, bẹ́líìtì dúró. Mo rí i. Ó wá ki ọwọ́ ọ̀tún sábẹ́ rẹ̀ láti fa ẹ̀ka náà yọ. Sinyọ̀ Valter wà lápá òkè, inú ń bí i pé iṣẹ́ dúró. Kò wo ìsàlẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnì tòkè. Iná tàn padà.

Igbe tí Ẹ̀gbọ́n ké, n kò ní kọ ọ́ síbí.

Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òṣìṣẹ́ ìjọba kan dé, obìnrin, ẹni tó ń bójú tó ewu ibi iṣẹ́. Ó bi àwa tó wà níbẹ̀ léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ohun tí mo kọ́ létí odò fò lọ, ohun tó jáde lẹ́nu mi kò yàtọ̀ sí ti ilé oníbúrẹ́dì: "Lei spegnere macchina. Lei mettere mano." Òun pa ẹ̀rọ, òun ki ọwọ́.

Obìnrin náà ní, "Stava spegnendo?"

Mo gbọ́ spegnere nínú rẹ̀, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pípa ẹ̀rọ ni. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí Ẹ̀gbọ́n tó pè mí. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti ka ohun tí ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan sọ sí i létí. Ó ní, "Àbúrò, kí lo sọ fún wọn? Wọ́n ní o ní mo ṣì ń pa ẹ̀rọ lọ́wọ́ nígbà tí mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ohun tí Valter sọ náà nìyẹn. Wọ́n ní ìkánjú mi ló fà á." Kò bú mi. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bí ti ẹni tó ń béèrè ọ̀nà.

Ti

Mo sáré dé ilé Sinyóra Ornẹ́là. N kò kí i dáadáa. Mo mú ìgò omi kan lórí tábìlì, mo dé e bí ẹni pa ẹ̀rọ, mo wá ki ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, mo ń fi ìka júwe pé ọ̀kan ṣáájú, ọ̀kan tẹ̀lé e. Ó wò mí títí ó fi yé e. Ó fa ìjókòó, ó kọ ọ̀nà mẹ́ta sórí ìwé. Spegneva: ó ń pa á. Ha spento: ó pa á. Aveva spento. Ó fa ìlà sábẹ́ èyí tó kẹ́yìn. Ó ní èyí ni ti ohun tó ti parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀.

Mo bú sẹ́kún. Ó rò pé ọ̀rọ̀-ìṣe náà ló le jù. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa náà ní in! Ó ti pa á. Ó ti pa á kí ó tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, ti, tí ọmọ ọdún méjì ń sọ nílé wa, òun ni n kò rí sọ nígbà tí ọ̀rọ̀ ọwọ́ ènìyàn rọ̀ mọ́ ọn.

Inú ọkọ mi kò dùn sí i pé mo fẹ́ padà lọ. Ó ní, "Ràṣídá, o ti sọ̀rọ̀, ó ti tó. Valter ló fún ọ níṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ló bá ọ sọ ọ́."

Mo ní, "Ohun tí wọ́n kọ kì í ṣe ohun tí mo rí."

"Bí o bá tún ṣi í sọ ńkọ́?"

Mo ń rìn láti ilé ìdáná dé ẹnu ọ̀nà, mo ń padà, ẹnu mi ń lọ wúyẹ́wúyẹ́: aveva spento, aveva già spento. Múfú jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Ó dáa, sọ ọ́ fún mi kí n gbọ́. Dúró sójú kan, kó o sọ ọ́." Mo sọ ọ́. Ó ní kí n tún un sọ. Nígbà tó yá, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè é tẹ̀lé mi, ó ń kọsẹ̀, ó ń padà sẹ́yìn. Ó ní, "Gbogbo ọdún tí mo ti lò níbí, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní aveva rí." Kò sùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Níwájú tábìlì

Múfú ló fi ọkọ̀ gbé mi lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Obìnrin ọjọ́sí ló jókòó síbẹ̀. Mo kí i, mo fi Lei kí i. Mo ní mo fẹ́ tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di etí àga mú kí n má baà dìde.

Mo ní: "La signora aveva già spento la macchina. Poi ha messo la mano. Poi il signor Valter ha riacceso." Ó ti pa ẹ̀rọ náà tán. Lẹ́yìn náà ló ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni Sinyọ̀ Valter tún un tàn.

Ó gbé kálámù sílẹ̀. Ó wò mí dáadáa, ó wá béèrè jẹ́jẹ́: "Non pensa che stesse ancora spegnendo?" Ṣé ẹ kò rò pé bóyá ó ṣì ń pa á lọ́wọ́?

Mo gbọ́ stesse. Etí mi mú un bí ìgbà tí ènìyàn bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ láàárín èrò. Congiuntivo ni, ti ohun tí kò dáni lójú. Ó ṣí ilẹ̀kùn kan sílẹ̀ fún mi tí mo lè bá jáde: kí n sọ pé bóyá, kí n padà sílé, kí iṣẹ́ mi sì wà níbẹ̀.

Mo ní, "Non penso, signora. Ho visto." Kì í ṣe pé mo rò ó. Mo rí i.

Ó mú kálámù rẹ̀ padà.

Ẹnu géètì

Ẹjọ́ náà pẹ́, ṣùgbọ́n ó parí síbi tó yẹ. Wọ́n gbà pé Ẹ̀gbọ́n kò jẹ̀bi, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ bí òfin wọn ṣe wí. Ọwọ́ náà san, àmọ́ ìka méjì kò ká mọ́.

Nígbà tí píà tún gbó, èmi àti àwọn obìnrin yòókù lọ sẹ́nu géètì láàárọ̀. Valter jáde, ó ń pe orúkọ, wọ́n ń wọlé. Nígbà tó ku èmi nìkan, ó wá sọ́dọ̀ mi. Kò pariwo. Ó ní, "Signora, l'avrei richiamata volentieri."

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó bọ̀wọ̀ fún mi. Ó sì ti fi condizionale sí i, ti ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀: ǹ bá fi tìdùnnú-tìdùnnú pè yín padà. Gbogbo rẹ̀ wọlé sí mi lára lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀wọ̀ àti ilẹ̀kùn tó tì. N kò ní kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Ho capito." Ó ti yé mi. Mo yíjú padà.

Ilé Ẹ̀gbọ́n Filomẹ́nì ni mo gbà lọ. Ó wà ní ilé ìdáná, ó ń fi ọwọ́ òsì kọ́ bí a ṣe ń rẹ́ ilá, ọ̀bẹ ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò béèrè ìdí tí n kò fi sí níbi iṣẹ́. Ó wo ojú mi, ó mọ̀.

Ó ní, "Ṣé ó dùn ọ́?"

Mo ní, "Ó dùn mí gan-an, Ẹ̀gbọ́n."

Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sọ́dọ̀ mi. Ó gbé àwo ilá lé mi lẹ́sẹ̀, ó gbé ọ̀bẹ lé e. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ilá.